Ìlà kúkúrú ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà: ta ni wọ́n fọkàn tán, kí ló sì ń ba ìfọkàntán náà jẹ́?

Láti oṣù keje ọdún 2025 ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ bàálù ní Amẹ́ríkà ti láǹfààní láti wọ bàtà rẹ̀ kọjá níbi àyẹ̀wò. Ọjọ́ kẹjọ oṣù náà ni Kristi Noem, tó jẹ́ akọ̀wé iléeṣẹ́ ètò ààbò abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìyẹn DHS, nígbà náà, kéde pé òfin bíbọ́ bàtà ti dópin. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún tí tọmọdé tàgbà fi ń fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù níwájú ẹ̀rọ. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí ìkéde náà. Inú àwọn kan ò dùn tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti sanwó kí wọ́n má baà bọ́ bàtà.

Àwọn yìí ni Amẹ́ríkà ń pè ní arìnrìnàjò tí wọ́n fọkàn tán. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ fún ètò TSA PreCheck nìkan ti lé ní mílíọ̀nù 20, gẹ́gẹ́ bí àjọ TSA tó ń rí sí ààbò ìrìnnà ṣe kéde lọ́dún 2024. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn dáadáa: nọ́ọ̀sì ní Houston, awakọ̀ ní Chicago, olùkọ́ ní Maryland tí kì í jẹ́ kí oṣù Disẹ́ńbà ba òun ní òkè òkun. Ìbéèrè wọn ò sì le. Bí gbogbo ayé bá ti ń wọ bàtà kọjá, kí ló kù tí àwọn ń sanwó fún?

Ohun tó kù ṣì pọ̀. Lórí ìlà PreCheck, bẹ́líìtì á wà nídìí ẹni, jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ á wà lára, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ike ìpara kéékèèké á wà nínú àpò. TSA fúnra wọn ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà lórí ìlà yìí kì í dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ṣì lè fa ẹnikẹ́ni jáde kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí káàdì yìí kì í ṣe ìdánilójú. Àmọ́ bàtà àti bẹ́líìtì kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba tó ń fura sí gbogbo èèyàn ló gbà láti yọ àwọn kan kúrò nínú àwọn tó ń fura sí. Bí èèyàn ṣe ń wọ inú wọn àti ohun tó lè lé e jáde ló yẹ kí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun mọ̀, nítorí ohun tó ń lé wọn jáde kì í jìnnà: ó lè wà nínú àpò tí ìyá di fún wọn nílé.

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n dá TSA sílẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Kò pẹ́ sí i tí Richard Reid, ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì, fi bọ́ǹbù sínú bàtà wọ bàálù tó ń ti Paris lọ Miami. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọlọ́pàá London tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi ba bàálù jẹ́. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wáyé ni ohun tí arìnrìnàjò gbọ́dọ̀ bọ́ tàbí kó yọ sílẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Èyí tó kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2009. Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ ọdún 23, wọ bàálù ní Èkó, ó pààrọ̀ bàálù ní Amsterdam, ó sì gbìyànjú láti tanná ran bọ́ǹbù tó fi sínú pátá rẹ̀ nígbà tí bàálù fẹ́ balẹ̀ sí Detroit. Bọ́ǹbù náà ò bú, àwọn èrò inú bàálù sì gbá a mú. Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹnìkan sọ ọ́ o. Bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀, Umaru Mutallab, gbajúmọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì, ti lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá ní oṣù kọkànlá láti sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀ sí ọmọ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ ìwé, ó sì rì sínú ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà níbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2010, Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà kún orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ní kí wọ́n máa tú ara gbogbo arìnrìnàjò wọn yẹ̀ wò kó tó wọ bàálù lọ sọ́dọ̀ wọn. Ìyá àgbà tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ ní Dallas náà wà níbẹ̀. Dora Akunyili, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, pariwo pé kò tọ́ kí wọ́n fìyà ẹnìkan jẹ gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n fi ètò míì rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2011, PreCheck bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ní pápákọ̀ mẹ́rin: Atlanta, Detroit, Miami àti Dallas. Ìrònú ibẹ̀ yàtọ̀. Kí wọ́n ti mọ ẹnìkan tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n ti wo ìtàn rẹ̀, kí ojú wọn lè ráyè wo ẹni tí wọn ò mọ̀. Ó dára ju kí wọ́n máa tú gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè kan yẹ̀ wò lọ, kò sí àní-àní níbẹ̀.

Iye tó jẹ́, àti ẹni tó lè gbà á

PreCheck kì í tó dọ́là 90 fún ọdún márùn-ún. Global Entry, tó wà lábẹ́ àjọ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, CBP, jẹ́ dọ́là 120 fún ọdún márùn-ún. Dọ́là 100 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi owó kún un ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024. PreCheck wà fún ìgbà tí èèyàn ń gbéra ní pápákọ̀ Amẹ́ríkà. Global Entry wà fún ìgbà tó bá ń ti òkè òkun wọlé: kámẹ́rà á wo ojú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan á kí i, ó di inú ilé. Ẹni tó bá sì ní Global Entry ti ní PreCheck pẹ̀lú, kò ní san méjì. Fún ẹni tó ń wá sílé lọ́dọọdún, Global Entry ló mọ́gbọ́n wá jù. Àwọn credit card kan tiẹ̀ ń dá owó náà padà fún oníbàárà wọn, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń da èyí pọ̀ mọ́ CLEAR. Iléeṣẹ́ aládàáni nìyẹn, owó rẹ̀ wọ́n ju ti ìjọba lọ fíìfíì. Ohun tó ń ṣe ni kó mú èèyàn lọ síwájú ìlà níbi tí wọ́n ti ń wo ìwé ìdánimọ̀. Ẹni tí kò bá ní PreCheck, bó gba CLEAR, á ṣì tú àpò rẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní Green Card lè gba méjèèjì, bó tiẹ̀ jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ní Green Card náà. Àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ wà tí ọmọ wọn lè gba Global Entry, Bírítéènì sì wà lára wọn. Ìyẹn ni pé ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní páàsìpọ́ọ̀tù Bírítéènì ní London lè kọ̀wé sí i. Ẹni tó jẹ́ páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà àti físà ìbẹ̀wò nìkan ló ní kò lè gbà á, bó ti lọ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀ogún tó sì padà wálé lásìkò ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ lè tẹ̀ lé òbí rẹ̀ gba ìlà PreCheck kọjá. Global Entry ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìdílé á lọ tò sórí ìlà gígùn. Ó dára pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó bí òbí rẹ̀ bá ti wà nínú ètò náà.

Orúkọ Yorùbá àti ẹ̀rọ òyìnbó

Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ máa gba nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Known Traveler Number. Nọ́ńbà yìí ni yóò máa kọ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ á lọ bá TSA kó tó dọjọ́ ìrìnàjò, ẹ̀rọ á sì fi wọ́n wé ohun tó wà lákọsílẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, àmì PreCheck ò ní hàn lórí boarding pass. Ìlà gígùn nìyẹn, bó tiẹ̀ ti sanwó.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ. Páàsìpọ́ọ̀tù gbé Oluwatosin Abeke, tíkẹ́ẹ̀tì gbé Tosin. Obìnrin ti lọ́kọ, Green Card ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, àmọ́ àkáǹtì tó fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá. Ẹlòmíì ń fi orúkọ bàbá síwájú bí olùkọ́ ṣe máa ń pè é nílé ẹ̀kọ́, àwọn òyìnbó á sì gbà pé orúkọ àbísọ nìyẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú gbogbo èyí. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ pé Tosin àti Oluwatosin, ẹnìkan náà ni wọ́n.

Ọjọ́ ìbí tún wà ńbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ní ọjọ́ orí méjì, èyí tí ìyá wọn mọ̀ àti èyí tó wà lórí ìwé. Nílé, ẹ̀rín la máa fi ń rín. Níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹni lẹ́nu wò kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, torí pé fọ́ọ̀mù físà tí èèyàn kọ lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn lè wà níwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Irọ́ pípa lórí fọ́ọ̀mù wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ ìwé èèyàn, ó sì burú ju ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ parọ́ lọ nígbà míì. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ò bára mu, kó tún un ṣe kó tó kọ̀wé.

Ti àwọn tó ń jẹ́ Ibrahim tàbí Sulaiman tún ṣe ọ̀tọ̀. Orúkọ wọ̀nyí wọ́pọ̀ láàárín Mùsùlùmí Yorùbá, wọ́n sì wọ́pọ̀ káàkiri ayé, bí wọ́n bá sì ń wá ẹnìkan tó ń jẹ́ irú ẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ló ń dá dúró. Ẹni tí wọ́n bá ń dá dúró ní gbogbo ìgbà láìnídìí lè kọ̀wé sí ètò kan ní DHS tí wọ́n ń pè ní DHS TRIP. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà míì tó ń fi hàn pé òun kọ́ ni wọ́n ń wá.

Àpò tí ìyá dì

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn jù. Bàálù gbéra ní Ìkẹjà, ó balẹ̀ sí Atlanta. Kámẹ́rà ti rí ojú, òṣìṣẹ́ ti ní kó máa lọ. Ó ku ẹrù. Gàárì wà níbẹ̀, ẹ̀lùbọ́, irú, ata gígún, ẹja gbígbẹ. Lábẹ́ wọn, pọ̀ǹmọ́ gbígbẹ wà, kílíṣí wà, ẹran ìgbẹ́ tí màmá yan fún odindi ọjọ́ mẹ́ta náà wà. Ajá kékeré kan tí CBP ń lò ń rìn káàkiri níbi tí ẹrù ti ń jáde, imú rẹ̀ nilẹ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ àpò náà, ó jókòó. Ajá náà ò mọ ẹni tí wọ́n fọkàn tán.

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé gbogbo oúnjẹ, ohun ọ̀gbìn àti ohun tó ti ara ẹran wá ni arìnrìnàjò gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbé wọlé. Ẹran láti ilẹ̀ wa kì í sábà wọlé, torí àrùn ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹran ìgbẹ́ ò wọlé rárá. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbé kì í san ìtanràn. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gba èyí tí wọn ò fẹ́, wọ́n á dá èyí tó kù padà. Ẹni tí kò sọ, tí wọ́n wá bá a nínú àpò rẹ̀, lè san tó dọ́là 1,000 ní ìgbà àkọ́kọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba tó fẹ́ jẹ nílé ló gbé.

Fún arìnrìnàjò lásán, ó lè parí síbẹ̀. Ti ẹni tó ní Global Entry kò parí síbẹ̀. Rírú òfin aṣọ́bodè tàbí ti ohun ọ̀gbìn wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba ìwé náà padà, PreCheck tó bá a wá á sì bá a lọ. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ á wà níbẹ̀ nígbà tó bá tún kọ̀wé. Nítorí pọ̀ǹmọ́.

Àwọn kan ní ìyà yẹn ti pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe kó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó nídìí. Àdéhùn tó wà lábẹ́ ètò yìí ni pé àwọn ò ní da ìbéèrè bo èèyàn, òun náà á sì máa sọ òótọ́ kí wọ́n tó bi í. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kúkúrú tó sì fi nǹkan pamọ́ ti ba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n torí ẹ̀ jẹ́ kó gba ọ̀nà náà jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú àpò ni. Ìyá ló dì í, àbúrò ló so ó. Ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ gan-an, ojúlùmọ̀ kan tún sáré dé pẹ̀lú báàgì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland." Nílẹ̀ Yorùbá, ta ló fẹ́ wí pé rárá? Ṣùgbọ́n bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Orúkọ ẹni tó gbé ẹrù ló wà lára báàgì náà, kì í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n Maryland. Ohun tó wà nínú ẹ̀ sì lè burú ju pọ̀ǹmọ́ lọ. Kí wọ́n tú u níwájú ẹni tó gbé e wá, bó bá bínú, kó gbé e padà.

Owó náà ńkọ́? Kò sí òfin tó ní kéèyàn má gbé owó wọ Amẹ́ríkà. Bó bá ti ju dọ́là 10,000 lọ, kó sọ. Tọkọtaya tó jọ ń rìnrìn àjò ò lè pín in sí méjì láti fi sá fún un.

Ìgbà tí arìnrìnàjò ò ṣẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2020, DHS ní àwọn ará ìpínlẹ̀ New York ò lè forúkọ sílẹ̀ fún Global Entry mọ́, wọn ò sì lè tún tiwọn ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe nǹkan kan. Ìpínlẹ̀ náà ló ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn tí kò níwèé gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, òfin náà ò sì jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè wo àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀. Ìjà ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Bronx tàbí Brooklyn, tí kò tíì rú òfin rí, bá a lọ nítorí ojúlé tó ń gbé. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní oṣù keje ọdún náà, DHS yí ìpinnu náà padà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sì gbà pé àwọn ohun kan tí àwọn ti sọ fún kóòtù kì í ṣe òótọ́: àwọn ìpínlẹ̀ míì wà tí wọ́n ṣe bíi New York, tẹ́nikẹ́ni ò sì fi nǹkan kan dù wọ́n.

Èyí tó tún wá sún mọ́lé ni ìkéde Ààrẹ Donald Trump lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2025. Ó fi Nàìjíríà àti Benin sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà ìbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn tó fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀ dúró fún, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Togo ti wà lórí irú ẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2025, Cuba náà sì wà níbẹ̀. Ìkéde náà ò kan ẹni tó ti ní Green Card tàbí ọmọ Amẹ́ríkà.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin ní Atlanta ti kọjá níwájú kámẹ́rà, ìjọba mọ ojú rẹ̀, wọ́n ní àwọn fọkàn tán an. Ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó ti lọ tó ti bọ̀ láìrú òfin, ò lè rí físà gbà láti lọ wẹ ọmọ. Ọgbọ́n ọdún 2011 ni pé kí wọ́n wo èèyàn, kí wọ́n má wo orílẹ̀-èdè. Ìkéde yìí gbé orílẹ̀-èdè síwájú, ó sì jọ ti ọdún 2010 ju bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe máa fẹ́ gbà lọ.

Ó yẹ ká sọ èyí náà: ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, kò sẹ́ni tó mọ PreCheck. Ìfọkàntán tibẹ̀ ni ẹni tó mọ ẹnìkan tó mọ ọ̀gá. Ti Amẹ́ríkà sàn díẹ̀ torí pé wọ́n kọ iye rẹ̀ síta, gbogbo ẹni tó bá yẹ ló sì lè bèèrè fún un. Síbẹ̀ owó ni. Ẹni tó ń tọ́jú owó fún ọdún mẹ́ta kó tó rí bàálù wọ ò ní rí dọ́là 120 fi ṣòfò, ìlà gígùn ni tirẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá gba ìwé rẹ̀ lè pẹjọ́ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ní CBP, nípasẹ̀ àkáǹtì tó fi forúkọ sílẹ̀. Kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi bò, kó sì fi ìwé tó bá ní tì í lẹ́yìn. Ẹni tó ń dúró de ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́, lè ṣe é lọ́jọ́ tó bá ń ti òkè òkun balẹ̀ sí ọ̀pọ̀ lára àwọn pápákọ̀ ńlá Amẹ́ríkà, láìgba déètì. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì fẹ́ parí lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nígbà tó bá ku ọdún kan.